Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, Àkọtọ́ Yorùbá: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Tẹ Lẹ́tà àti Àmì Ohùn Wa Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yóò máa rí orúkọ ìlú lórí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà: SAGAMU, IKENNE, IBIDO. Kò sí àmì kankan lára wọn. Èyí kò yọ onílé lẹ́nu, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti mọ orúkọ náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Àlejò ni ìṣòro bá. Ẹ jẹ́ kí a mú Ibido, ìlú kékeré tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kì í tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí a tó rán wọn lọ sí agbègbè náà. Sílébù mẹ́ta ló ní. Bí a bá rántí pé fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba ohùn òkè nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, sílébù kìíní lè gba ohùn méjì, èkejì lè gba mẹ́ta, ẹ̀kẹta lè gba mẹ́ta. Ọ̀nà 18 nìyẹn. Bí a bá tún rò ó pé ẹni tó kọ pátákó lè ti yọ àmì abẹ́ kúrò lára lẹ́tà ìkẹyìn, 18 di 36. Orúkọ tí kò ju lẹ́tà márùn-ún lọ ni a ń wí yìí. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìfàmì sí i nínú iṣẹ́ yìí, kí olùkàwé lè rí ohun tí ojú àlejò ń rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pátákó ojú ọ̀nà ló sún wa kọ iṣẹ́ yìí. Ní àsìkò kan tí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a bá ìwé ìdánwò tí ọ̀kan nínú wọn tẹ̀. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ní kí àwọn ọmọ lo "igba" nínú gbólóhùn tó ní ìtumọ̀. Igbá tí a fi ń bu omi ló wà lọ́kàn olùkọ́. Àwọn ọmọ kan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kọ nípa ìgbà òjò, òmíràn kọ nípa igba náírà, ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adẹ́mu sì kọ gbólóhùn tó dára gan-an nípa igbà tí bàbá rẹ̀ fi ń gun ọ̀pẹ. Igbá nìkan ni olùkọ́ fún ní máàkì. Ọmọ adẹ́mu gba òdo. Bí a bá tẹ̀lé òfin àkọtọ́ tọkàntọkàn, ẹni tó kọ nípa igba náírà nìkan ló gbà á, nítorí pé ohùn àárín kì í gba àmì; òun náà gba òdo. Nígbà tí a bi olùkọ́ léèrè, ó ní òun fẹ́ fi bírò fa àmì náà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ ìwé tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí òun tó rántí. Kò mọ̀ pé òun lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kọ́ ọ náà kò sì kọ́ ọ, àwa sì wà lára wọn.

Ọdún kan ló wà láàárín wọn

Kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú wa jogún ètò lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Christopher Latham Sholes, ará Amẹ́ríkà, ṣe, tí ó dé ọjà ní 1874. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1875, ni a ṣe ìpàdé ní Èkó láti fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kò gbọ́ nípa ẹ, ọ, ṣ rí. Àwọn tó jókòó ní Èkó kò sì ro ti ẹ̀rọ. Àkọtọ́ náà kúkú ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, Lepsius ará Jámánì ti gbé ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1855 pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà, Ìwé Ìròyìn sì ti ń jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ń tẹ ìwé nígbà náà, ẹni tó bá sì lè rọ e lè rọ ẹ. Ìdí nìyí tí ìwé tí a tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé fi ní àmì nígbà tí lẹ́tà tí akọ̀wé ọ́fíìsì tẹ̀ kò ní.

Àwọn tó lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò rántí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá: wọn a tẹ e, wọn a dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, wọn a sì tẹ ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Àmì ohùn di iṣẹ́ bírò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nígbà èwe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ tán láìsí ọgbọ́n àfikún, nítorí ọ́ àti ọ̀ tó wà ní ìparí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tí a yàn ní 1966 àti ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 mú ohun kan rọrùn láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ àmì oníwèémú tí a ń fi sórí fáwẹ̀lì gígùn kúrò, tí õrùn fi di oòrùn. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àmì kan ìbá tún kún ẹrù wa lónìí.

Ohun tí kíbọ́ọ̀dù ní àti ohun tí kò ní

Lẹ́tà 26 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì. 25 ni Yorùbá ní. Nínú 26 náà, márùn-ún kò ní iṣẹ́ kankan nínú èdè wa: c, q, v, x àti z. Èyí tí Yorùbá ní tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ, nítorí pé g àti b tí a tẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn ti tó fún gb. Lẹ́yìn èyí, fáwẹ̀lì méje tó ń gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún wa ní 14. Ẹ jẹ́ kí a fi aránmúpè aṣesílébù kún un: ń, ǹ, ḿ, m̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21 ní lẹ́tà kékeré, àti 21 mìíràn ní lẹ́tà ńlá.

Ohun tí a fẹ́ kí olùkàwé dúró wò ni pé àwọn bọ́tìnnì márùn-ún kò níṣẹ́, ohun tí a sì nílò gan-an kò ju márùn-ún lọ: lẹ́tà mẹ́ta àti àmì ohùn méjì. Ohun mìíràn gbogbo jẹ́ àpapọ̀ àwọn wọ̀nyí. Ẹni tó bá sọ pé Yorùbá pọ̀ ju kíbọ́ọ̀dù lọ kò tíì ka bọ́tìnnì rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà tí kò pẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń bá nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ti bírò ni àkọ́kọ́, a sì ti rí ìwà rẹ̀. Èkejì ni kí a fi ìlà ìgúnlẹ̀ sí e lábẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fàlà sábẹ́ àkọlé. Lójú, ó jọ ẹ. Nínú kọ̀ǹpútà, e lásán ni; aṣọ ni ìlà náà jẹ́, kì í ṣe ara. Bí a bá da ọ̀rọ̀ náà sínú ètò mìíràn tí kì í gbé aṣọ, ìlà bọ́, "ọkọ̀" sì di "oko".

Ẹ̀kẹta ló ti pa iṣẹ́ lára jù. Ní àwọn ọdún 1990 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n ti yọ àwòrán lẹ́tà kan kúrò láti fi àwòrán ẹ tàbí ọ́ rọ́pò. Kọ̀ǹpútà rò pé òun tẹ àmì owó tàbí àmì ìdá. Ojú ló ń rí ọ́. Ó dára títí a fi gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn. A ní disikẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ tí àkójọ oríkì ìlú wà nínú rẹ̀, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Ìwé náà ṣí, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà mọ́: àmì owó, àmì ìbéèrè àti bọ́ọ̀kì kékeré ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ki oríkì náà ti kú.

Nọ́ḿbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Ìlànà rẹ̀ ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú èdè ayé ní nọ́ḿbà tirẹ̀, nọ́ḿbà yìí kò sì yí padà láti fọ́ǹtì dé fọ́ǹtì. Nọ́ḿbà ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. Àwọn lẹ́tà ńlá wọn, Ẹ, Ọ, Ṣ, jẹ́ 1EB8, 1ECC àti 1E62. Kì í ṣe tìtorí wa ni ẹ àti ọ ṣe wà níbẹ̀ ní odidi; èdè Vietnam ló nílò wọn, a kàn bá wọn jẹ nínú oúnjẹ náà ni.

Á, à, é, è àti ẹgbẹ́ wọn, mẹ́wàá lápapọ̀, ní nọ́ḿbà tiwọn nítorí àwọn èdè Yúróòpù. Ń, ǹ àti ḿ náà ní. Márùn-ún péré nínú 21 wa ni kò ní ẹyọ nọ́ḿbà kan: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Fún àwọn wọ̀nyí, a óò tẹ lẹ́tà, lẹ́yìn náà a óò tẹ àmì ohùn tó ń gun orí lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀: 0301 fún ohùn òkè, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, Ṣágámù rọrùn fún kọ̀ǹpútà ju Rẹ́mọ lọ: kò sí lẹ́tà kan nínú Ṣágámù tí kò ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ inú Rẹ́mọ jẹ́ méjì tó so pọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àmì abẹ́ méjì ni Unicode ní, èyí tó jẹ́ tótó àti èyí tó jẹ́ igi kékeré tó nàró, 0329. Àwọn ìwé àtijọ́ kan lo igi, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Àwa kò bá wọn jà lórí ẹwà, ṣùgbọ́n ẹ onítótó àti e onígi kì í ṣe ohun kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá wá "ẹyẹ" nínú ìwé tí a fi igi tẹ̀, yóò sọ pé kò sí níbẹ̀. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan yan ọ̀kan. A dámọ̀ràn tótó, nítorí pé òun ló ní nọ́ḿbà odidi.

Títẹ̀ gan-an

Ẹni tó ní Microsoft Word kò nílò ohunkóhun mìíràn láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tẹ 1EB9, kí ó tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí ó sì tẹ X: nọ́ḿbà yóò di ẹ. Kí ó wá tẹ 0301 tẹ̀ lé e, kí ó tún ṣe Alt àti X: ẹ di ẹ́. Ìdẹkùn kan wà tó máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ḿbà wọ̀nyí ń lo lẹ́tà a títí dé f gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà. Nítorí náà bí lẹ́tà tó ṣáájú bá jẹ́ a, b, d, e tàbí f, kọ̀ǹpútà lè kà á mọ́ nọ́ḿbà, kí ó sì gbé nǹkan àjèjì jáde. Kí a kọ́kọ́ fi àmì yan nọ́ḿbà mẹ́rin náà nìkan kí a tó tẹ Alt àti X.

Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀nà yẹn tẹ odindi ìwé. Láti orí Insert, Symbol, Shortcut Key, a lè so ẹ mọ́ Alt àti E, ọ mọ́ Alt àti O, ṣ mọ́ Alt àti S, kí a sì so àmì ohùn méjèèjì mọ́ bọ́tìnnì tí ó bá wù wá. Ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì tán síbẹ̀. Fún á àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Word ti ní tirẹ̀: Ctrl pẹ̀lú àmì ẹyọ ọ̀rọ̀ ('), lẹ́yìn náà a, yóò fún wa ní á, Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lápá òsì 1 (`), lẹ́yìn náà a, yóò fún wa ní à.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé inú Word nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a yí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ padà láti inú ètò Windows, láìfọwọ́ kan ike rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lára àwọn èyí tí a lè yàn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlá darí ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, YorùbáName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì ti gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde fún Windows àti Mac.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú Microsoft Keyboard Layout Creator, ètò ọ̀fẹ́. Ibí ni àwọn bọ́tìnnì márùn-ún tí kò níṣẹ́ ti wúlò. Ètò tí àwa ń lò fi ẹ sórí q, ọ sórí x, ṣ sórí c, ohùn òkè sórí v, ohùn ìsàlẹ̀ sórí z. A gbé àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún náà sábẹ́ AltGr, kí ẹni tó fẹ́ tẹ Victoria má baà ké. Lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, àmì ohùn ń tẹ̀ lé e. Àwọn kíbọ́ọ̀dù Yúróòpù ń béèrè àmì ṣáájú lẹ́tà, ṣùgbọ́n lórí Windows irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kò lè bí ju ẹyọ nọ́ḿbà kan lọ, kò sì lè bí ẹ́. Ó kúkú bá ọwọ́ wa mu: nígbà tí a bá ń fi gègé kọ̀wé, lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ kọ kí a tó fi àmì lé e lórí.

Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń gbé irú ìṣòro yìí gba ọ̀nà mìíràn. Kíbọ́ọ̀dù Faransé tí wọ́n ń lò ní é, è, à àti ù lójúkojú, ṣùgbọ́n kò ní á, í tàbí ó. Ɛ àti ɔ tí àkọtọ́ wọn ń lò dípò ẹ àti ọ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ṣ, nítorí pé sh ni wọ́n ń kọ.

Tí ẹ̀rọ bá ń tún wa kọ

Word máa ń sọ i tó dá dúró di I, nítorí pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ nìyẹn. "Sí i" wa yóò sì di "sí I" jálẹ̀ ìwé. Kí a yan gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kí a lọ sí ibi tí a ti ń yan èdè, kí a mú Yorùbá. Èyí yóò pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlà pupa náà. Bí I kò bá dẹ́kun, kí a lọ pa á nínú AutoCorrect.

Nípa fọ́ǹtì, bí àmì ohùn bá ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ dípò kí ó jókòó lé e lórí, fọ́ǹtì ló ṣẹ̀, kì í ṣe òǹtẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni èyí wọ́pọ̀ sí. Charis SIL àti Doulos SIL jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń gbé àmì síbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ fóònù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ fún wa pé fóònù ni àwọn ní, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Yorùbá lára èdè tí a lè yàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ kékeré tí àwọn tó dá ìlànà náà sílẹ̀ yàn. À, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú, ẹ, ọ, ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan nínú àwọn tí kò sí bá wọlé, 160 di 70 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmì ohùn tó gun ẹ lórí sì ń gba àyè tirẹ̀. Ẹni tó kọ Yorùbá tó gúnrégé sí ìyá rẹ̀ lè san owó méjì tàbí mẹ́ta. A kò lè bá ọmọ wí fún èyí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a má jẹ́ kí àṣà àtẹ̀jíṣẹ́ wọ inú ìwé ìdánwò.

Ní kíláàsì

A dámọ̀ràn pé kí wákàtí méjì nínú ẹ̀kọ́ àkọtọ́ ní ọdún kìíní NCE jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ kò bá tó, kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó ti ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀; kò sí ẹni tí kì í fẹ́ rí orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èkejì ni igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá, tí a óò tẹ̀ láìwo ọwọ́. Ẹ̀kẹta ni kí a rán wọn lọ sí ìlú tí wọ́n kò mọ̀, bí Ibido, kí wọ́n béèrè orúkọ náà lẹ́nu àgbàlagbà onílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n fetí sí ohùn sílébù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́.

Kí olùkọ́ tó gba iṣẹ́ wọn, kí ó da ọ̀rọ̀ náà sínú Notepad, ètò tí kì í gbé aṣọ. Ẹ tí a fàlà sábẹ́ rẹ̀ yóò di e níbẹ̀. Ẹ tòótọ́ kò ní yí padà. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé ìbéèrè tirẹ̀ náà kí ó tó fi í ránṣẹ́ síbi tí a ti ń ṣe ẹ̀dà. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà sí kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pín ìwé fún àwọn ọmọ padà, ó sì fún ọmọ adẹ́mu ní máàkì rẹ̀.